Ẹ bá wa ṣí géètì: lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní Bárígà

Ẹ̀yin Alága, ẹ̀yin Akọ̀wé, ẹ̀yin Akápò, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ kú wàhálà tíráńsífọ́mà, ẹ kú ti gọ́tà tí kò jẹ́ kí ẹ rójú láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì iwájú, ibi tí ọdẹ máa ń gbé àga rẹ̀ sí. Ó di ọdún kọkàndínlógún báyìí tí mo ti ń ránṣọ níbẹ̀, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ni mo sì ń sùn. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tí n kò rán aṣọ ẹbí fún nínú yín. Mo mọ ẹni tí ìbàdí rẹ̀ ti fi íǹṣì mẹ́rin fẹ̀ láàárín ọdún méjì, ṣùgbọ́n àṣírí oníbàárà mi nìyẹn, kì í ṣe òun ni mo bá wá.

Mo mọ̀ pé ibi tó yẹ kí n ti sọ ọ̀rọ̀ yìí ni mítìn. Mo ti nawọ́ ní mítìn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ ní owó iná ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ní kí àwọn obìnrin lọ jókòó sọ tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ni kọ́kọ́rọ́, nítorí náà mi ò rí bí á ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin lásán. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i kà.

Ọ̀rọ̀ géètì ni. Ní oṣù Kẹta, òru ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó tó nǹkan bí ago kan òru nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ń gbá irin géètì. Kò gbá a bí ẹni ń jà. Ó rọra ń gbá a, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́. Ó ń sọ pé, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ ṣí i fún mi." Ọdẹ dá a lóhùn pé ago márùn-ún ni wọ́n ní kí òun ṣí i, pé àṣẹ alága ni. Mo yọjú lójú fèrèsé. Obìnrin kan ló pọn ọmọ sẹ́yìn, bàtà wà ní ẹsẹ̀ kan, kò sí ní èkejì, ètè rẹ̀ òkè sì ti wú bo ti ìsàlẹ̀. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Òjò ń pa òun àtọmọ.

Kò pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ fi tan tọ́ọ̀ṣì dé. Kò pariwo o. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi pè é, bí èèyàn ṣe ń pe adìẹ tó fẹ́ pa. "Màmá ọmọ mi, dìde, jẹ́ ká lọ sílé, òtútù á mú ọmọ." Ọdẹ tiẹ̀ kí i, "Ẹ kú ìrìn òru, sà." Obìnrin náà dìde, ó sì tẹ̀ lé e.

Láti ẹnu ọ̀nà mi dé búlọ́ọ̀kù tó jókòó lé kò ju ẹsẹ̀ mẹ́fà lọ. Èmi ni mo ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn mi, ẹnikẹ́ni ò pàṣẹ fún mi. N kò ṣí i. Mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì títí iná tọ́ọ̀ṣì fi wọ inú ọgbà wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé mo ń bá yín wí nínú lẹ́tà yìí, ẹ mọ̀ pé mo ti bá ara mi wí kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín.

N kò dá ọdẹ lẹ́bi. Bàbá àgbàlagbà ni, owó oṣù rẹ̀ ò tó nǹkan, bó bá sì ṣí géètì láàjìn tí wọ́n jí jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan, òun ni wọ́n máa mú. Àṣẹ tí ẹ fún un ni kò pé. Ẹ sọ fún un bó ṣe máa ṣe tí olè bá fẹ́ wọlé, ẹ kò sọ fún un bó ṣe máa ṣe tí ẹnì kan bá ń sá jáde. Nígbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, láti òru 30 oṣù Kẹta, gbogbo wa la wà nínú ilé pẹ̀lú ohunkóhun tó bá wà nínú ilé wa. Ọ̀pọ̀ wa pe àsìkò yẹn ní àsìkò ìsinmi. Ògiri ilé tí a ń gbé kò nípọn, a jọ gbọ́ ohun tí a gbọ́ ni.

Sátidé tó tẹ̀ lé òru yẹn, ẹ pe obìnrin náà àti ọkọ rẹ̀ sí ìlàjà. Ẹ má bínú sí mi, bẹ́ǹṣì ìlàjà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju géètì lọ. Ìjà omi, ìjà ìdọ̀tí, ìjà ẹni tó páàkì mọ́tò sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn, ẹ mọ̀ ọ́n parí; ẹni tó bá ní ẹ kò mọ̀ ọ́n parí, irọ́ ló pa. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tó ń jà lórí omi, ẹnì kan kì í bẹ̀rù àtilọ sílé pẹ̀lú ẹnì kejì. Bí ẹ bá mú ẹni tó ń lu èèyàn àti ẹni tí wọ́n ń lù jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí ẹ ní kí ó sọ tẹnu rẹ̀ lójú ẹni tí wọ́n jọ ń sùn sí yàrá kan, kí ni ẹ fẹ́ kí ó sọ? Ó ní òun ṣubú ni. Ẹnì kan nínú yín ní, "Ẹ̀yin obìnrin ìwòyí, ẹnu yín ti yá jù." Ẹ ní kí ó kúnlẹ̀. Ẹ bu owó ìtanràn lé ọkọ rẹ̀, páálí Malt méjì, a sì mu ún níbẹ̀. Èmi náà mu ìgò kan.

Ó wá wọn aṣọ lọ́dọ̀ mi nínú oṣù Kẹrin. Ẹ rántí bí ooru ṣe mú nígbà yẹn. Ó ní kí n bá òun fa apá bùbá náà dé ọrùn ọwọ́, kí ọrùn rẹ̀ sì ga. Mo fi ṣe ẹ̀fẹ̀, mo ní, "Ṣé ẹ ti fẹ́ di ẹlẹ́hàá ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó gbé apá sókè kí n lè yí téèpù mọ́ àyà rẹ̀, apá òsì kò kọjá èjìká. Nígbà tí téèpù kan egungun ìhà rẹ̀, ẹ̀rín náà dá lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí aṣọ rẹ̀ sún díẹ̀ lẹ́yìn ni mo rí ojú bẹ́líìtì, tòun ti irin orí rẹ̀, ó hàn kedere bí ìgbà tí akọ̀wé yín bá fi sítáǹpù lu rìsíìtì.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń béèrè pé, "Kí ló ṣe yín níbí?" Gbogbo wọn ló ń ṣubú ní balùwẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ fún mi nídìí téèpù, kò sí ibi tí balùwẹ̀ ti ń yọ̀ tó ti Bárígà lágbàáyé. Ní báyìí, n kì í béèrè mọ́. Mo máa ń fi àga hàn wọ́n, mo máa ń sọ pé n kò kánjú, mo á sì pa rédíò. Àwọn kan máa ń jókòó, àwọn kan kì í jókòó. Òun kò jókòó. Kó tó pé oṣù méjì, ó gbé ọmọ rẹ̀ jáde kúrò ládùúgbò ní ọ̀sán gangan, nígbà tí géètì wà ní ṣíṣí. N kò mọ ibi tó wà. Bùbá alápá gígùn yẹn ṣì wà lórí ìkọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi.

Òun tiẹ̀ ni èyí tí bẹ́ǹṣì yín gbà láyè jókòó. Àwọn kan wà tí ẹ kò gbà láyè rárá, wọ́n sì wà láàárín wa.

Ẹ mọ ọmọbìnrin alágbàfọ̀ tí kò gbọ́ràn, tó máa ń fi ọwọ́ kí yín. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa sọ ọ́, òun ló sì ní kí n sọ ọ́. Mo fi ohun tí mo kọ hàn án kí n tó fi síta, ó fagi lé ohun méjì, mo yọ wọ́n. Òru Mọ́ńdè ni ọkùnrin kan wọlé tọ̀ ọ́, tó sì fipá bá a sùn. Àárọ̀ Túsìdeè ló lọ bá ẹnì kan nínú yín. Ẹ ní kí ó ní sùúrù di Sátidé, pé Sátidé ni mítìn. Ẹni tí ẹ pè pé kí ó wá túmọ̀ ohun tó ń fi ọwọ́ sọ ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà, torí pé ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, wọ́n ní ó mọ̀ ọ́n bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n wá ń sọ fún ìpàdé pé ọmọ náà ní òun àti àbúrò òun ń fẹ́ra, pé owó ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọ náà ń mirí, ó ń na ọwọ́, ẹ̀ ń sọ pé kí ó fara balẹ̀.

Nígbà tó jáde níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi ló yà sí. Ó mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ, ó tẹ́ ọ̀kan nínú àwọn bébà bíráùn tí mo fi ń gé bátánì sílẹ̀, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà ní gẹ̀ẹ́sì pé ohun tí ọkùnrin yẹn sọ kọ́ ni òun sọ. Ọmọ náà kàwé. Ó mọ̀ ọ́n kọ ju èmi lọ. Láti Túsìdeè títí di Sátidé, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó fún un ní bírò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Sátidé yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Oògùn wà tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n fipá bá sùn kí kòkòrò HIV má bàa ráyè nínú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí 72 ni ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lò ó. Bó bá sì ti tètè bẹ̀rẹ̀ ló dára sí. Èyí tí wọ́n fi ń dènà oyún náà ní àsìkò tirẹ̀, kò kọjá ọjọ́ márùn-ún. Ẹ ka wákàtí 72 láti òru Mọ́ńdè. Òru Tọ́sìdeè ló pé. Nígbà tí ẹ fi lu agogo mítìn ní Sátidé, àsìkò oògùn HIV ti lọ, ti oyún náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ọ̀ràn tirẹ̀ kì í sì í ṣe ẹjọ́ bẹ́ǹṣì rárá. Nínú òfin ìwà ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ̀wọ̀n gbére ni ìjìyà tí ìfipábánilòpọ̀ lè fà. Ìjọba ló ń pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹbí, kì í ṣe ẹgbẹ́ àdúgbò, kò sì sí páálí Malt tó lè parí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ti obìnrin nìkan ni: òfin yẹn kan náà sọ nípa ẹnikẹ́ni tó bá ki ohunkóhun bọ ara ẹlòmíràn láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n gbére náà ló ń lọ. Mo sọ èyí nítorí ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti ilé ẹ̀yìn, tí ẹ gba owó ìtọ́jú fún lọ́wọ́ ẹbí tíṣà lẹ́sìnnì. Tíṣà náà kó lọ. Mo máa ń ronú nípa àdúgbò tó kó lọ, ṣé àwọn náà ní ọmọ tó ń kọ́ lẹ́sìnnì.

Ìyá àgbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin máa ń tì lulẹ̀ nítorí owó ilé ńkọ́? Ọ̀pá méjì ni mama fi ń rìn, òkè kejì ilé alága ni mítìn. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n mú wá láti ìhà Bàdágìrì, tó jẹ́ pé Ègùn nìkan ló gbọ́ tán, ta ló máa sọ fún? Ẹni tó ń fi omi gbígbóná halẹ̀ mọ́ ọn ló ń bá a túmọ̀. Àti bàbá tó ń tún rédíò ṣe. Ìyàwó rẹ̀ fi ìdí àwo fọ́ ọ lórí, ó wá sí mítìn pẹ̀lú báńdéèjì, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ṣé kì í ṣe ọkùnrin ni. Mo wà níbẹ̀, mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe ń gbìyànjú láti bá yín rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, mítìn ò rí i mọ́, owó sìkiọ́rítì ló ń fi rán ọmọ.

Ẹ máa ń sọ pé, "Kì í ṣe ìyàwó rẹ̀, ó kàn ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni," bí ẹni pé ìyẹn ti parí ọ̀rọ̀. Láti ọdún 2007 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ìwà ipá nínú ilé. Òfin náà kò sọ pé aya nìkan. Ẹni tí ẹ jọ ń gbé, ẹni tí ẹ ti jọ gbé rí, òbí, ọmọ, ìbátan, gbogbo wọn ló kó pọ̀. Kò sì sọ pé lílù nìkan: dídá owó oúnjẹ dúró kí èèyàn lè gbọ́ràn síni lẹ́nu, ìhàlẹ̀, ṣíṣọ́ èèyàn kiri, ó wà níbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ lè fún ẹni tí wọ́n ń lù ní ìwé ààbò, ó sì lè ka wíwọ ilé tí wọ́n jọ ń gbé léèwọ̀ fún ẹni tó ń lù ú. Ní Èkó yìí, a ti gbà pé ẹni tí wọ́n lù ló gbọ́dọ̀ máa di ẹrù rẹ̀ jáde nílé. Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún ní àjọ ìjọba fún iṣẹ́ yìí. Ìgbìmọ̀ kékeré kan ló kọ́kọ́ jẹ́ ní 2014, kí òfin tó sọ ọ́ di àjọ ní 2021. DSVA ni wọ́n ń pè é, àjọ Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀. Wọ́n ń bá èèyàn dé téṣàn, wọ́n ń bá a dé kóòtù. Ní Ìkẹjà, ní ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH, Mirabel Centre wà níbẹ̀ láti 2013, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà: wọ́n ń ṣàyẹ̀wò ẹni tí wọ́n fipá bá sùn, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, wọn kì í gba owó. WARIF, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, wà ní Yábàá láti 2016. Dánfó kan ló gbé èèyàn láti ibí dé Yábàá. N kò sọ pé kí ẹ di dókítà tàbí lọ́yà. Ọ̀nà dánfó yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí Sátidé tó dé.

Nǹkan kan wà tí wọ́n kọ́ mi, tó sì yà mí lẹ́nu torí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, bó ti wù kí ara rẹ̀ máa rí i lára tó, kó má tíì wẹ̀, kó má fọ aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Aṣọ náà, kí wọ́n má kó o sínú nylon, torí nylon máa ń làágùn, á ba ohun tí dókítà fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí jẹ́. Inú bébà ni kí wọ́n dì í sí. Bébà bíráùn tí mo fi ń gé bátánì náà ni. Mo ti yọ ìwọ̀n kan sọ́tọ̀ sínú dúrọ́ọ̀ mi, n kì í gé wọn.

Ẹ ó ní olè ńkọ́. Òótọ́ ni, olè ń bẹ, mo ti rí i, wọ́n ti gbé máṣíìnì mi rí. Ṣùgbọ́n géètì tó ní ojú kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ọdẹ lè ti inú ṣí fún ẹni tó ń jáde, kò ṣí ọ̀nà fún olè tó fẹ́ wọlé. Ẹ lọ wo géètì àwọn ará ẹ̀yìn wa, wẹ́dà kan náà ló ṣe é. Ẹ ó tún ní àwọn kan á máa purọ́, wọ́n á fi ba ọkọ tàbí aya wọn lórúkọ jẹ́. Ó ṣeé ṣe. Ẹ ṣì ṣí géètì fún wọn. Ẹni tó purọ́ kó lè jáde lágogo kan òru, kí ló gbà lọ́wọ́ yín? Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn máa wádìí ni bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́, ẹ kò ní láti dájọ́ rẹ̀ ní òru.

Èyí tí mo sì mọ̀ pé ó wà lọ́kàn yín jù ni pé ilé á tú, pé àwọn baba wa kì í dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Àwọn baba kan náà ló ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ní ilé yàrá mẹ́wàá tí ń kọjú síra, tí ilé ìwẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, gbogbo wa ni kì í sùn.

Akọ̀wé wa, ẹ jọ̀ọ́, ìwé àkọsílẹ̀ yín ń dùn mí. Gbogbo ohun tí ẹnì kan bá sọ fún ìgbìmọ̀ ní oṣù yìí, ẹ máa ń kà á sókè ní oṣù tó ń bọ̀, tòun torúkọ, kí ẹnì kan tó dábàá, kí ẹlòmíràn tó kín in lẹ́yìn. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ka ọ̀rọ̀ ara obìnrin kan láàárín owó ọdẹ àti owó àtúnṣe títì, ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń ta gúgúrú. Ẹ má kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Bó bá di dandan kí ẹ kọ nǹkan kan, ẹ kọ pé ẹnì kan gba owó ọkọ̀, kí ó tán síbẹ̀.

Owó ọkọ̀ náà ni mo fẹ́ bọ́ sí. A ń dá owó sìkiọ́rítì lóṣooṣù, n kò jẹ rí. Ẹ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ má fi sọ́wọ́ ẹni tó gbọ́dọ̀ béèrè ìdí. Ẹni tó sá jáde lóru kì í rántí pọ́ọ̀sì, bó bá sì rántí, ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó ń lù ú ni owó wà. Kí ó rí owó kẹ̀kẹ́ Màrúwá tàbí ọkọ̀ dé ibi tó ń lọ, tàbí kí ẹnì kan nínú wa bá a pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì. Kí àwọn obìnrin méjì àti ọkùnrin kan wà ládùúgbò tí èèyàn lè kan ilẹ̀kùn wọn, tí a kò ní kọ orúkọ wọn mọ́ ara ògiri. Ọkùnrin kan náà ṣe pàtàkì, torí bàbá alátùn-únṣe rédíò kò ní kan ilẹ̀kùn obìnrin lóru láéláé.

Ní ti àwọn tí kò gbọ́ràn, ilé-ẹ̀kọ́ Wesley fún àwọn adití kò jìnnà, Sùúrùlérè ló wà. Àwọn tó mọ èdè ọwọ́ wà ní Èkó, wọ́n pọ̀. Kí ẹ má pe ìbátan ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn láti túmọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́, ìbáà jẹ́ èdè ọwọ́, ìbáà jẹ́ Ègùn tàbí Haúsá. Bí ẹ ò bá sì tíì rí olùtumọ̀, bírò àti ìwé kò wọ́n. Láti 2011 ni òfin Èkó ti ní kí á má yọ aláàbọ̀ ara sẹ́yìn nínú ohun tí gbogbo èèyàn ní ẹ̀tọ́ sí, ẹ jẹ́ kí mítìn sọ̀ kalẹ̀ láti òkè kejì. Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi tó wà níwájú wa máa ń ṣófo ní Sátidé.

Ọmọbìnrin alágbàfọ̀ ti lọ rí àwọn tó yẹ kó rí, pẹ́ ló pẹ́. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ẹjọ́ rẹ̀. Ó ń kọ́ mi ní èdè ọwọ́ ní ìrọ̀lẹ́ tí iná kò bá sí, tí máṣíìnì ò lè ṣiṣẹ́. Mo ti mọ "omi", mo ti mọ "ọ̀la", mo mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè pé "ṣé o fẹ́ kí n bá ọ lọ?" Ó ní ọwọ́ mi le bí irin, pé mò ń sọ ọ́ bí ẹni ń gé aṣọ.

Ṣé ẹ rí i, mo máa wá sí mítìn ní Sátidé ìparí oṣù yìí, màá sì nawọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Kí wẹ́dà tó ṣe ojú kékeré yẹn sí géètì, ohun kan wà tí kò gba owó. Ọ̀dọ̀ mi ló sún mọ́ géètì jù, oorun mi kò sì wọra. Ẹ jẹ́ kí ọdẹ yá mi ní kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ọ̀sán, kí n lọ gé ìkejì rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọjà. Màá san owó rẹ̀ fúnra mi.

Èmi ni,
Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ géètì